Àmì Ohùn

Ìkíni ló kọ́kọ́ dójú tì mí ní Zaria. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jí nílé ọkọ mi ní Sabon Gari, obìnrin Hausa tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ina kwana?" Mo gbójú sókè wo gílóòbù. Mo ní, "Iná ò tíì dé o, àná ni wọ́n ti mú un lọ." Ó rò pé mi ò gbọ́ ni, ó tún ní, "Ina gajiya?" Mo ní, "Ẹ wo gílóòbù, kò síná rárá." Ọkọ mi tó ń fọ eyín lẹ́yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì mì. Ó ní obìnrin náà kò béèrè iná, bí mo ṣe sùn ló ń béèrè, ó sì ń kí mi kú àárẹ̀. Kí oòrùn tó kàn tàrí, gbogbo agbo ilé ti gbọ́. Wọ́n sọ mí ní Mai Wuta, ìyẹn oníná, orúkọ tí wọ́n ṣì ń pè mí dòní nìyẹn.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọ yàrá, mo sunkún.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé Zaria. Mọ́tò gbé mi, mo sọ̀kalẹ̀, ó tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn tó rò pé àfi kí èèyàn wọ bàálù kó tó dé òkè òkun, wọn ò tíì kọjá Odò Ọya rí ni. Owó kan náà là ń ná, ìjọba kan náà là ń bú, síbẹ̀ mo di àjèjì pátápátá. Ní Ṣakí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo máa ń dúnàádúrà títí ẹni tó ń tajà á fi ní kí n kúkú máa gbé e lọ kí òun lè sinmi. Ní Zaria, mo di ẹni tó ń nàka sí tòmátì, tó sì ń mi orí. Nígbà tí ọyẹ́ wá dé, tí ètè mi là tó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ní àbí Ọlọ́run fẹ́ gba ẹnu náà lọ́wọ́ mi ni.

Ọkọ mi, Bàbá Màríámọ̀, ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Táyà ló ń tà. Yorùbá tó ń sọ, èmi ni mo máa ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á ní, "Mo ti gaji." Bí nǹkan bá di dandan, á ní, "Dole ni." Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ó sì fẹ́ràn ìmọ́tótó débi pé ó máa ń nu táyà kó tó tà á, táyà tó ń lọ sínú ẹrẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó yẹ kó fẹ́ ìgbálẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ìyá mi nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ tí ọkàn mi ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì kì í jẹ́ ká gbádùn ara wa. Ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á dúró lójijì, á tún wá láti ibòmíì. "Fóònù yìí ń rẹ́ ọ̀rọ̀ mi bí ilá," ó máa ń wí. Ìgbà tó yá, àbúrò mi Mùráínà, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ṣakí, fi hàn án bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù tí wọ́n á fi ránṣẹ́. Ó dùn mọ́ ìyá mi. Kò sẹ́ni tó máa rẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà ló máa ń kọ́kọ́ bi Mùráínà pé, "Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?" kó tó wá kí mi. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bó sì ti wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Màríámọ̀ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Hausa ló fi sọ ọ́. Mi ò mọ ìgbà tó wọ inú rẹ̀. Mò ń fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá, agbo ilé ń fi Hausa bá a sọ̀rọ̀ níta, agbo ilé sì pọ̀ jù mí lọ. Ní ọjọ́ kan ìyá mi bi í lórí fóònù pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ọmọ náà ní, "Koko."

"Kókó kẹ̀?" ni ìyá mi wí. "Ta ló ń fún ọmọ kékeré ní kókó jẹ?"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀kọ mímu ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ó dáa," ó ní. "A jẹ́ pé ògbufọ̀ ló máa wà láàrin èmi àti ọmọ ọmọ mi." Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí Màríámọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣókí ṣókí ni. Á kí i ní Àníkẹ́, á bi í léèrè nǹkan kan, á wá dákẹ́ fún ìdáhùn bí ẹni pé ọmọ náà jókòó síwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà á ní, "Ó káre." Mo kọ́ Màríámọ̀ ní ohun tó máa dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n dunjú. Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, bí ayékòótọ́ ló ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ní kò burú, ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni títẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní PZ. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì la máa ń tẹ̀ jù. Mo fẹ́ràn ibẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kì í bi èèyàn pé ṣé ó gbọ́ Hausa. Olùkọ́ obìnrin kan, ọmọ Yorùbá, gbé iṣẹ́ kan wá bá mi. Ó ti lọ gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, ó sì so ohùn kọ̀ọ̀kan mọ́ inú ọ̀rọ̀ tó kọ, àárín gbólóhùn gan-an. Àsomọ́ ló pè wọ́n. Bí o bá tẹ ọ̀kan, ẹni náà á sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àsomọ́ kan kò ju lẹ́tà kan lọ lójú kọ̀ǹpútà. Àpótí kékeré kan báyìí ni, ojú á kàn fò ó, bí òkúta nínú ìrẹsì. Obìnrin náà ní kí n bá òun wá gbogbo wọn kí n sì kùn wọ́n ní yẹ́lò. Ó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn mí: o máa da ọ̀kan nínú àpótí náà kọ, o máa fi sí ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á sì mú ọ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì títí wọn á fi tán.

Mi ò fo ẹyọ kan. Nígbà tó padà wá, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù wa, gbogbo wa dákẹ́ à ń gbọ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti bá mi kó àwọn èèyàn mi jọ." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ẹnìkan kí mi kú iṣẹ́ ní èdè mi. Mo fi ìyangàn rìn délé lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe ní èrò ti ìyá mi nìyẹn. A ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé. Mo kó gbogbo ohùn tó fi ránṣẹ́ sí Màríámọ̀ láti inú fóònù wá sínú fáìlì kan, mo tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Tí ilẹ̀ bá mọ́, Ìyá ní," àsomọ́ á tẹ̀ lé e. "Tí ọyẹ́ bá dé, Ìyá ní," àsomọ́. "Tí ẹnìkan bá lù ọ́ níléèwé, Ìyá ní," àsomọ́. Mi ò tẹ ohun tí ìyá mi sọ gan-an. Kí ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún? Ẹnu rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ilé wa kò mọ àmì ohùn Yorùbá. Níbi tí mo bá ti fi àmì sórí lẹ́tà, àpótí òfìfo ló máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ojú ìwé sì kún fún àpótí. Ó ti mọ́ mi lójú, mo ń ka ọ̀rọ̀ mi já láàrin wọn. Nítorí ọmọ ni mo ṣe kun àsomọ́ ní yẹ́lò, kó lè dá wọn mọ̀ láàrin àpótí ìyókù. Mo tiẹ̀ kun àlàfo tó wà níwájú àti lẹ́yìn wọn mọ́ ọn, kó lè gbòòrò tó fún ìka kékeré. Tí Màríámọ̀ bá ti iléèwé dé, á gun àga, á tẹ yẹ́lò, ìyá mi á sọ̀rọ̀, òun á dáhùn. Èmi á máa dáná nítòsí. Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbàgbé pé Zaria ni mo wà.

Fóònù mi bọ́ sínú bókéètì omi, kò jí mọ́. Wọ́n ti jí fóònù Mùráínà, èyí tí ìyá mi fi ń gba ohùn sílẹ̀, nínú mọ́tò ṣáájú ìgbà náà. Àwa méjèèjì ra òmíì, kò dùn mí jù. Mo ní ohun tó ṣe pàtàkì ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi. Apá ọ̀tún rọ, ahọ́n sì rọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù nítorí ajínigbé yẹn. Ó dá mi mọ̀. Ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ohun tó sì lè sọ kò ju "ùn" lọ. Dókítà ní ọ̀rọ̀ lè padà, ó sì lè má padà. Mo ní èwo nínú méjèèjì? Ó ní kí a máa gbàdúrà. Mo padà sí Zaria nítorí ọmọ àti iṣẹ́. Ó ń dùn mí pé mo padà, kò sì sí ohun tí ǹ bá ṣe ká ní mo dúró. Kò sí ìgbà tí ìdálẹ̀ korò tó ìgbà tí ẹni tó o fi sílé kò lè bi ọ́ mọ́ pé ìgbà wo lò ń bọ̀.

Ẹ óò rí ohun tí fáìlì náà wá dà fún mi. Ibi kan ṣoṣo tí ìyá mi ti ń sọ̀rọ̀ láyé ni.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án Sátidé kan, mo bá ọkọ mi lórí àga níwájú kọ̀ǹpútà. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mai Wuta, jókòó," ó ní. "Mo ti bá ẹ ṣe nǹkan kan. Ìwé Màríámọ̀ yẹn, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ká dì í, kó di ìwé gidi, ká fún un lọ́jọ́ Iléyá. Ṣùgbọ́n dọ̀tí inú rẹ̀ pọ̀, wallahi. Àpótí, àpótí, àpótí. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mo ti gaji."

"Àpótí wo?"

"Àwọn kéékèèké tó wà láàrin ọ̀rọ̀. Mo fi irú kọ̀ọ̀kan síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, mo ní kó kó wọn kúrò. Wò ó, ó ti mọ́ tónítóní."

"Àwọn tó wà nínú yẹ́lò ńkọ́?"

"Mi ò fọwọ́ kan yẹ́lò," ó ní. "Ṣé mi ò mọ̀ pé inú yẹ́lò ni ohùn Màmá wà ni? Àpótí inú rẹ̀ nìkan ni mo kó."

Mo tẹ yẹ́lò àkọ́kọ́. Kò sọ̀rọ̀. Mo tẹ èkejì. Mo tẹ̀ wọ́n títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, gbogbo wọn wà níbi tí mo kùn wọ́n sí, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn. Ó ti fi fáìlì pamọ́, ó ti pa kọ̀ǹpútà, ó sì ti tún un tàn, kò sí bí mo ṣe lè dá ọwọ́ aago padà. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wo ìka mi, mo sì mọ ìgbà tó yé e. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan.

Mo fẹ́ bú u. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo la ẹnu, mo wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ títí, mi ò rí i. Iléèwé tó lọ kò kọ́ ọ ní àmì ohùn. Ní ojú rẹ̀, àpótí ni àpótí. Àmì ohùn ló fẹ́ kó, ó kó ohùn mọ́ ọn. Ìfẹ́ ló sì fi ṣe é, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ká ní ìkà ló ṣe ni, ǹ bá rí ibi gbé ìbínú mi kà.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún wọn ṣe ní PZ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó mi orí, ó ní, "Sai hakuri, Mama." Àfi sùúrù. Mo ti kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, òun ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí iyọ̀ já sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Mo padà sílé pẹ̀lú sùúrù mi lọ́wọ́. Mo ṣí fáìlì náà, mo ń kà á. Kò sí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀ mọ́. "Ti ile ba mo, Iya ni." "Ti oye ba de, Iya ni." Láìsí àmì, o lè kà á sí Ìyá ní, o lè kà á sí Ìyà ni. Mo kà á lọ́nà méjèèjì.

Mo gbìyànjú láti rántí ohun tó sọ, kí n lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo rántí díẹ̀. Èyí tó kù, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo rántí, bó ṣe ń há, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ wọn nídìí ọbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú wọn mọ́. Màríámọ̀ ṣì ń gun àga náà fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń tẹ yẹ́lò, ó ń wo ojú mi. Nígbà tó yá, kò gùn ún mọ́.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ tó kọjá, Mùráínà pè. Ó ní òun máa gbé fóònù sí Màmá létí, kí a máa bá a sọ̀rọ̀, pé ó máa ń mú inú rẹ̀ dùn. Mo sọ tèmi. Ara wa le, a dúpẹ́, ọkọ mi ń kí wọn. Ọ̀rọ̀ mi tán kíákíá, nítorí ó ṣòro kí èèyàn máa dá sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń mí. Mo na fóònù sí Màríámọ̀, mo ní kó kí Mama Ṣakí.

Ó gbé fóònù sétí. Ó gbọ́ èémí. Ó dúró díẹ̀, ó wá ní, "A jí dáadáa, mà."

Ọ̀sán gangan la wà. Mo fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n ó tún dúró, gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó béèrè ìkejì. Ó ní, "Mo ti mu ún, mà." Ó dúró. "Rárá, mà, mi ò bá a jà."

Bó ṣe ń dáhùn ni mò ń gbọ́ ìbéèrè ìyá mi. Ṣé dáadáa lo jí, Àníkẹ́? Ṣé o ti mu ẹ̀kọ rẹ? Ṣé o bá ẹni tó lù ọ́ níléèwé jà? Gbogbo rẹ̀ ń padà bọ̀ wá sí mi létí, pẹ̀lú ohùn rẹ̀.

Màríámọ̀ dúró pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wá ní, "Mo ti gbọ́, mà. Mi ò ní gbàgbé."

Èyí kò mú nǹkan kan wá. Mo wá ìbéèrè rẹ̀ nínú orí mi, mi ò rí i. Kí ni ìyá mi ní kó má gbàgbé? Mo gbọ́ ohùn Mùráínà láti inú fóònù, ó ń sáré sọ̀rọ̀. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kó tún ìyẹn sọ. Èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn. Màmá ti di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń mi orí, wọ́n fẹ́ sọ nǹkan kan."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ mi. Mo fi Hausa tí mo gbọ́ bi í, kí ó lè yé e dáadáa. Kí ni Mama Ṣakí sọ fún ọ, tí o fi ní o ò ní gbàgbé?

"Ban sani ba," ó ní. Òun ò mọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó wá bi èmi náà léèrè. "Mọ́mì, me na ce?" Ó fẹ́ mọ ohun tí òun sọ.

Mo ní, "O ní o ò ní gbàgbé."